Ìlà Tí Kì Í Dún

Nínú Vital, synthesizer orí kọ̀ǹpútà tí Matt Tytel gbé jáde ní 2020, ìlà kan wà tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. LFO (low-frequency oscillator) ni wọ́n ń pè é. Etí ènìyàn kì í sábà gbọ́ ohun tó bá ń mì tí kò tó ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, abẹ́ ibẹ̀ sì ni LFO ń gbé. Ohun mìíràn ló ń yí, bí apá onígangan ṣe ń fún ọsán ìlù.

Ọ̀pọ̀ pródúsà ló ń lò ó bí wọ́n ṣe bá a: òkè, ilẹ̀, òkè, ilẹ̀, títí orin fi parí. Ohùn ń mì lóòótọ́, àmọ́ kò sọ nǹkan kan.

Ẹ wá wo ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohùn bass kan tó ki ló wà níwájú rẹ̀, irú èyí tí dubstep ti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù sọ di olókìkí. Ó wọ́ LFO lọ sórí cutoff filter, ibi tí filter ti ń gé ohùn. Ó mú ṣóńṣó ìlà náà, ó fà á sọ́wọ́ òsì kí ó lè gòkè kíá. Ó wá tẹ ìyókù kọdọrọ kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kíá ni bass náà bẹ̀rẹ̀ sí í lanu, ó ń panu dé. Ó tún gbẹ́ kòtò kékeré kan síwájú ibi tí ìlù yóò ti balẹ̀, ohùn bá gbé èémí mì lẹ́ẹ̀kan.

Ìlà tó bá fò sókè láìtẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé bí ohùn ṣe pariwo tó ló ń yí, máa ń ta pá létí. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní Smooth ló ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, eyín ohùn náà á ká. Díẹ̀ báyìí ló fi sí i.

Ibi tó wù mí jù rèé: ó mú LFO kejì, ọ̀lẹ paraku, ó so ó mọ́ bí ti àkọ́kọ́ ṣe lágbára tó. Kò so ó mọ́ ìyára rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ orin ì bá yẹ̀. Báyìí, ìlù ò kúrò lójú kan, síbẹ̀ lílanu tòní kì í ṣe tàná. Ó wá fi velocity, ìyẹn bí ọwọ́ ṣe tẹ bọ́tìnnì tó, kún un: tẹ dùùrù jẹ́jẹ́, ó kùn, tẹ̀ ẹ́ gidi, ó bú ramúramù.