Ayé Inú àti Ayé Ìta: Fẹlá Lẹ́yìn Ẹ̀wọ̀n

Ìtàn ẹlẹ́wọ̀n kan ni ó wà nídìí orúkọ ìlú wa. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé Ògúnlọlá, ọdẹ tí ó ń gbé ìdí igi àjàgbọn, pa ènìyàn kan nínú ìjà, wọ́n sì mú un lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n fi í sí àhámọ́. Ibẹ̀ ni ó wà tí ó fi gbọ́ nípa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Ó tọrọ àyè láti lọ bá a jà, ó gbé orí rẹ̀ bọ̀, Aláàfin sì dá a sílẹ̀. Ìtàn náà kò sọ fún wa bí inú àhámọ́ ti rí. Ohun tí ẹlẹ́wọ̀n náà ṣe ni ó sọ, ohun náà ni ó sì di orúkọ ìlú.

Ìtàn yìí a máa wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹ̀wọ̀n ti pa orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kí ikú tó pa òun fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàì ní ẹ̀rí. Wọ́n gbọ́ Zombie ti 1976, bí ó ṣe ń sáré bí ọmọ ogun tí ọ̀gá ń lé. Wọ́n wá gbọ́ àwọn orin ẹ̀yìn ẹ̀wọ̀n tí ó ń rọra wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ní agbára ti tán. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1984 ni wọ́n mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó, nígbà tí ó ń lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ó fẹ́ kó owó ilẹ̀ òkèèrè jáde lọ́nà tí kò bófin mu. Lábẹ́ ìjọba ológun Buhari, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Àjọ Amnesty International ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Oṣù Kẹrin 1986, nígbà tí Babangida ti gba ìjọba, ni ó tó jáde, lẹ́yìn nǹkan bí ogún oṣù. Fẹlá ròyìn pé adájọ́ tí ó rán òun lẹ́wọ̀n ti wá bẹ òun. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Òkìkí ọkùnrin yìí ní ojú méjì. Ọ̀pọ̀ ilé ọmọlúwàbí ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí, nítorí igbó tí ó ń fà ní gbangba àti obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ó gbé níyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1978. Nígbà tí ó jáde, àtọ̀rẹ́ àtọ̀tá ni ó ń retí ìran. Ó kọ́kọ́ tú àwọn ìyàwó rẹ̀ ká, ó ní owú àti ìmọtara-ẹni-nìkan ni ìgbéyàwó ń bí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, mo rò pé ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ ju ẹni tí kò wọ àhámọ́ rí lọ.

Èsì rẹ̀ gan-an wà nínú Beasts of No Nation, àwo tí ó jáde ní 1989. Orin kan ṣoṣo ni ó gba ojú méjèèjì àwo náà. Ohun èlò ni ó gba ojú kìíní, a ó sì dúró pẹ́ kí Fẹlá tó la ẹnu. Nígbà tí ó la ẹnu, ó ní àwọn ènìyàn ń yọ òun lẹ́nu pé kí òun wá kọrin nípa ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ó yí ìbéèrè náà po. Ó pe ẹ̀wọ̀n ní ayé inú, ó pe tiwa níhìn-ín ní ayé ìta, ó sì fi yé wa pé ayé ìta yìí gan-an ni ayé wèrè. Láti ibẹ̀ ó dé ọ̀dọ̀ ìjọba tí ó ń bú àwọn ará ìlú rẹ̀ pé wọn kò ní ìwà, ó sì dé ọ̀dọ̀ Botha, Thatcher àti Reagan. Ẹni tí ó bá retí ìtàn búrẹ́dì gbígbẹ àti yànmùyánmú á jáwọ́ lófo. Ìdí nìyí tí orin náà fi ń rìn jẹ́jẹ́: ẹni tí ó ń ro ẹjọ́ kì í sáré sọ̀rọ̀.

Mo gbà pé kò sí àwo tuntun mọ́ lẹ́yìn Underground System ti 1992 títí tí ó fi kú ní 2 oṣù Kẹjọ 1997. Àwa tí a wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwo nìkan ni a fi mọ̀ ọ́n, bí ìdákẹ́jẹ́ ni ó rí létí wa. Ṣùgbọ́n Fẹlá kì í kọ orin tí ó bá ti gbé jáde sínú àwo mọ́ lójú agbo. Ní Afrika Shrine ní Ìkẹjà, orin tuntun ni ó ń kọ, títí kan èyí tí ó pè ní Chop and Clean Mouth, tí kò wọ inú àwo nígbà ayé rẹ̀. Ìjọba náà kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀: wọ́n tún mú un ní 1993, wọ́n tún mú un ní 1997. Ta ni ó wá sọ pé ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí ní 1986 ni ẹ̀wọ̀n parí?

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo wa nìyí. Bí ẹnì kan bá ti ẹ̀wọ̀n dé láàárín wa, ohun méjì ni a máa ń ṣe fún un: a lè lù ú nílù bí akọni, a sì lè pè é ní ẹlẹ́wọ̀n títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Èyíkéyìí tí a bá ṣe nínú méjèèjì, a kì í ní àyè láti gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ogunlọ́gọ̀ ni ó tẹ̀ lé òkú Fẹlá ní Èkó, ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ wọn ni kò jókòó gbọ́ Beasts of No Nation tán rí. Bí ó bá jẹ́ pé ìròyìn ẹ̀wọ̀n nìkan ni Ọ̀yọ́-Ilé bèèrè lọ́wọ́ Ògúnlọlá, èmi kò mọ orúkọ tí ìlú wa ìbá máa jẹ́ lónìí.