Góńgó Gíráàfù Kì Í Ṣe Òdiwọ̀n: Lámèyítọ́ Lórí Àfarawé Agbára Ìfarakàn

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní yíya ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà ti sọ ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé káàkiri báyìí. Ó ní bí páàtì méjì bá wọnú ara wọn díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, àfarawé náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó tún ní ibi tí gíráàfù agbára ìfarakàn bá ti ga jù ni kí ayàwòrán-ẹ̀rọ fi pinnu bí irin rẹ̀ yóò ṣe nípọn tó. N kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, èkejì tilẹ̀ léwu.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, Adams wà lára wọn, ló ń lo ọ̀nà tí à ń pè ní penalty. Ètò náà á jẹ́ kí páàtì kan wọnú èkejì níwọ̀nba, á sì máa tì í padà bíi sípíríńgì: bó bá ṣe wọlé tó ni títì náà ṣe ń le tó. Níbi tí kò bá ti sí wíwọlé, kò sí agbára. Ẹni tó ń bínú sí wíwọlé, ohun tí ìṣirò náà dúró lé ló ń bínú sí. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Bí wíwọlé náà ti jìn tó, àti ẹni tó yan líle sípíríńgì, ni ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì dúró tì í dáadáa. Bọ́ọ̀lù irin tó wọn kílógíráàmù 1 já láti òkè 100 mìlímítà sórí pèpéle tí kò lè mì. Eré tí yóò fi bá pèpéle tó mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fún sípíríńgì ní líle 100,000 newton fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì fi damping (ohun tó ń dín eré kù nínú ìkòlù) kankan sí i. Góńgó agbára yóò tó 14,000 newton, bọ́ọ̀lù yóò wọlé ní mìlímítà 0.14, ìkòlù yóò sì parí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 0.0003. Ẹ wá dín líle náà kù sí 1,000. Góńgó wálẹ̀ di 1,400 newton, àkókò di 0.003. Bọ́ọ̀lù kò yí padà, ìjábọ́ kò yí padà, irin kò yí padà. Nọ́ńbà tí ẹnì kan tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nìkan ló yí padà, góńgó sì fi ìlọ́po mẹ́wàá yàtọ̀.

Ohun méjì ló dúró gbọn-in. Tí a bá ro agbára pọ̀ mọ́ àkókò rẹ̀, láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù kan pèpéle títí tó fi kúrò níbẹ̀, nǹkan bíi newton-ìṣẹ́jú-àáyá 2.8 ni a ó rí nínú méjèèjì. Tí a bá sì rọra gbé bọ́ọ̀lù náà kalẹ̀, newton 9.8 ni pèpéle fi gbé e, bó ti wù kí líle rẹ̀ jẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni a lè fọkàn tán. Ti góńgó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ ní kí ètò máa gba àbájáde sílẹ̀ ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìkòlù náà lè bẹ̀rẹ̀ kó sì parí láàárín àkọsílẹ̀ méjì, kí gíráàfù má rí i rárá. Irú nǹkan báyìí ni wọ́n ní kí ọmọ ènìyàn fi wọn irin!

Àwọn kan yóò ní Hertz, onímọ̀ físíìsì, ti yanjú ọ̀rọ̀ líle. Ó yanjú rẹ̀ dé ibì kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1881, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Helmholtz ní Berlin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 24, ó gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀: fún ojú irin tó rí róbótó, bí wíwọlé bá di ìlọ́po mẹ́rin, agbára á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n pákó pẹlẹbẹ lórí pákó pẹlẹbẹ kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Bọ́ọ̀lù Hertz kì í sì í pàdánù eré rẹ̀ nínú ìkòlù. Ibi tó ti já náà ni yóò fò padà sí.

Ìpàdánù tí kò sí nínú ìṣirò Hertz yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mo rò pé a ti fojú fo dá. Damping tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ń tẹ̀lé eré nìkan. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan pèpéle, tí kò tíì wọlé rárá, ni eré rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí náà agbára á ṣàdédé fò sókè láti òfo. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ kúrò, ìṣirò náà á máa fà á padà, bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ irin mọ́ irin. Ní 1975, K. H. Hunt àti F. R. E. Crossley ní kí a sọ damping di ìlọ́po wíwọlé. Níbi tí wíwọlé bá ti jẹ́ òfo, damping náà á jẹ́ òfo, agbára á bẹ̀rẹ̀ láti òfo, á sì padà sí òfo. Adams náà ń gbé damping sókè díẹ̀díẹ̀ bí wíwọlé ṣe ń jìn sí i, torí wàhálà kan náà. Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàdé tí wọ́n lè ka gbogbo ìtàn Hertz, tí wọn kò gbọ́ orúkọ Hunt rí. Àwọn tó kọ́ wọn ni mo bá wí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni pé kí wọ́n má ṣe gba gíráàfù agbára ìfarakàn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan, àfi bó bá kọ líle, bí agbára ṣe ń tẹ̀lé wíwọlé, damping àti àkókò tó wà láàárín àkọsílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí àwa náà sì máa kọ ọ́ sí tiwa.