Ìrántí Ìgbà Èwe Wọlé Ṣóyínká ní Aké

Nínú ìwé tí ó pè ní Aké, tí ó jáde ní ọdún 1981, Wọlé Ṣóyínká ròyìn ìgbà èwe rẹ̀ nínú ọgbà ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Abẹ́òkúta. Àjọ̀dún ìwé kan tí a fi Aké sọ lórúkọ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà ní 2013. Ní 2018 ó ṣí lọ sí Èkó. Èmi kò bá àwọn tí ó ṣí i wí. Àwa ará ilé ni mo ní ẹjọ́ bá. Ìparí ìwé náà ni ó sàn jù lọ lójú mi: àwọn ìyá tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ fún ìwé kíkà ni wọ́n dìde sí owó orí, ìjà tí ó mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá. Èéṣe tí a kò fi máa kà á sókè nínú ọgbà náà, sétí àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ìyá wọ̀nyẹn?