Ìsinmi àti Àtúnkọ Ìtàn Àròsọ: Ẹ̀kọ́ láti Inú Ìwé Méjì tí D. O. Fágúnwà Kọ

Ìfáàrà
A máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó gbé ìtàn àròsọ tí ó bá kọ́kọ́ kọ tì fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tún un kọ. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ ohun tí yóò máa wá nígbà tí ó bá padà sídìí rẹ̀. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi rò pé àtúnṣe àmì ohùn àti sípẹ́lì nìkan ni àtúnkọ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àtúnkọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé méjì tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kọ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìwé Méjì, Baba Kan
Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ọdún 1949 ni Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e. Ọdún 11 ló wà láàrin wọn. Lóòótọ́, ìwé kejì kì í ṣe àtúnkọ ìwé kìíní. Síbẹ̀, ó fi hàn bí òǹkọ̀wé ṣe ń padà sí ohun tí ó ti kọ.

Nínú ìwé kìíní, baba Àkàrà-oògùn kò gbà ju ojú-ìwé díẹ̀ lọ: ọdẹ ni, ó fẹ́ àjẹ́, ó yìnbọn pa ìyàwó náà nígbà tí ó para dà di àgbọ̀nrín, òun náà sì kú láìpẹ́. Irú ọkùnrin wo nìyí? Ìtàn kò dúró dáhùn. Nínú ìwé kejì, Àkàrà-oògùn kan náà ló padà wá, ṣùgbọ́n Olówó-ayé, baba rẹ̀, ni ìtàn dá lé. A rí i bí ó ti kojú Èṣù-kékeré-òde. Ẹni tí a fò kọjá di ẹni tí a mọ̀.

Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́
Èyí fi hàn pé àbùkù àkọ́kọ́ kọ sábà máa ń wà nínú ohun tí a sáré fò. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé ìtàn rẹ̀ tì ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Nígbà tí ó dé, òwe ló fẹ́ fi kún un. Mo ní kí ó sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Nígbà tí ó kan ìyá olú ẹ̀dá-ìtàn, ó dákẹ́. Obìnrin náà kàn ń gbé oúnjẹ wá, ó sì ń sunkún ni. Ibẹ̀ ni àtúnkọ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé Fágúnwà kò dúró tún ìwé kìíní kọ kí ó tó gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun rí ìwé kejì kọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní kọ ju ẹyọ kan lọ.

Àgbálọgbábọ̀
Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nídìí ìwé kíkọ, onílé gan-an ni kì í ríran. Ìsinmi ló ń sọ ọ́ di àlejò kí ojú rẹ̀ lè là. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó mú bírò pupa, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé: ta ni o fò?