Ẹni Bíni Là á Jọ: Àgbéyẹ̀wò Òwe Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni bíni là á jọ. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu olùkọ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kùnà nínú ìṣirò: wọn a ní bí bàbá rẹ̀ ti rí náà nìyẹn. Ìlò yìí gan-an ló yẹ ní yíyẹ̀ wò.

Òótọ́ inú òwe náà kò kéré. Àwọ̀ ara, ìrísí imú àti irú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ohun àjogúnbá. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 25 nínú 100 láti di ọmọ SS, tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà. Oúnjẹ kò lè sọ SS di AA. Síbẹ̀, omi mímu dáadáa, ààbò lọ́wọ́ ibà àti ìtọ́jú ní kùtùkùtù máa ń dín ìnira náà kù.

Ibi tí òwe náà kò dé nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Limawa ní Minna lè jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu, kí ó sì máa fi èdè Haúsá ṣeré. Ojú ló jogún. Àdúgbò ló fún un lédè.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èdè kì í ṣe ẹ̀yà ara, ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ní 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde nípa àgbàlagbà tí ìran wọn ṣẹ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kò yàtọ̀, ibùgbé ló yàtọ̀. Ìsanra àti iyọ̀ jíjẹ wà lára ohun tó fà á.

Àwọn àgbà kò ṣàìmọ èyí. Àwọn náà ló ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òwe méjèèjì jọ ń rìn ni. Bàbá tí kò mọ ìṣirò lè jẹ́ ẹni tí kò rí olùkọ́ kọ́ ọ. Olùkọ́ tó fi òwe kan ṣoṣo dá ọmọ lẹ́bi ti gbàgbé ẹ̀kẹta: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.