Ta Ló Bi Arúgbó Léèrè?

Nǹkan kan ti di àṣà lóde báyìí tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ sí, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí á wò ó dáadáa kí á tó pàtẹ́wọ́ tán. Wọ́n á wá arúgbó kan rí, bàbá tàbí ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n á bi í pé kí ni nǹkan tó ti ń wù ú láti kékeré tí kò tíì rí ṣe. Bó bá ní ọkọ̀ òfuurufú ni, wọ́n á gbé e wọ̀ ọ́. Bó bá ní òkun lòun fẹ́ fojú rí, wọ́n á gbé e dé etí òkun. Kámẹ́rà á máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Arúgbó á sunkún, àwọn tó gbé e lọ náà á sunkún, àwa tí a ń wò ó lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì ní Mile 2 náà á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀. Ní 1980, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Arizona wọ aṣọ iṣẹ́ wọn fún ọmọ ọdún méje kan tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ń bá jà, nítorí pé ọlọ́pàá ló wù ú láti jẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọmọ náà kú, láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Make-A-Wish ti bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọdé nìyẹn. Ti àwọn àgbà dé ní 2008, nígbà tí Jeremy Bloom dá ẹgbẹ́ Wish of a Lifetime sílẹ̀ ní Colorado. Eléré ìdárayá ni ọkùnrin náà, ó ti fi igi sáré lórí yìnyín ní Òlíḿpíìkì, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ó ní ìlú Japan lòun ti rí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún arúgbó nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà sì wọ òun lákínyẹmí ara. (Ẹni bá ti wọ bọ́ọ̀sì tiwa láti Orílé dé Àgbádárìgì á mọ̀ pé a ṣì ní nǹkan láti kọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Japan.) Brookdale, ilé-iṣẹ́ tó ní ilé arúgbó káàkiri ibẹ̀, bá wọn ṣe é. Nígbà tó di 2020, AARP, ẹgbẹ́ ńlá àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà, gba ẹgbẹ́ Bloom mọ́ra.

N kò sọ pé iṣẹ́ burúkú ni. Arúgbó tó wà nínú yàrá kan láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ẹnì kan wá bi í pé kí ló wù ọ́, oúnjẹ ọkàn ni ìbéèrè yẹn fún un. Ṣùgbọ́n kí á má tan ara wa. Fọ́tò arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń gbowó gọbọi lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ìpolówó ọjà ni. Ó lè jẹ́ oore, kó sì tún jẹ́ ìpolówó.

Níbí, ilé arúgbó kò pọ̀. Ọ̀kan wà ní Mushin, Regina Mundi, tí ìjọ Àgùdà ń bójú tó. Ọ̀kan wà ní Yábàá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn arúgbó wa, inú agbo ilé ni wọ́n wà, tàbí nínú bọ́ìsìkọ́tà ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n àṣà náà ti bá wa délé ná. Ẹ wo ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún. Ìyá jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá rẹ̀, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, àfi gìrìgìrì, àwọn onífèrè ti já wọlé, ọmọ kan gbé fóònù sókè, èkejì gbé páálí kéèkì. Àyà ìyá já. Wọ́n ní ayọ̀ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gba gbọ̀ngàn, wọ́n dá aṣọ ẹbí, olórin kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́, ìyá tí wọ́n ń ṣe é fún sì ti ń tòògbé lórí àga láti aago mẹ́jọ. Ta ló bi í léèrè? Ó lè jẹ́ pé ohun tí ìyá fẹ́ ni kí wọ́n tún òrùlé tó ń jò lórí rẹ̀ ṣe. Òrùlé kò ṣeé fi jó.

Ìrìn àjò Mẹ́kà àti ti Jerúsálẹ́mù yàtọ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí wọ́n má baà ní mò ń bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo nǹkan. Ẹnu arúgbó fúnra rẹ̀ ni ìyẹn ti ń jáde. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ á máa fi kọ́bọ̀ lé kọ́bọ̀ fún ogún ọdún, á máa sọ ọ́ ní gbogbo òwúrọ̀ pé òun á dé Mẹ́kà kí òun tó kú. Bí ọmọ bá wá lówó tó fi owó tirẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ tí ìyá ti ń sọ látìgbà yìí ló gbọ́. Kódà ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ayé ìgbà náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà sílẹ̀ ní 1958. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìyá arúgbó kan, Viola Fletcher, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́fà, gúnlẹ̀ sí Ghana pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Hughes Van Ellis, tó jẹ́ ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ wọn tẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ààrẹ Akufo-Addo gbà wọ́n lálejò, ìlù dún, wọ́n wọ aṣọ òkè Ghana. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Ghana sọ àwọn méjèèjì di ọmọ onílùú ní ẹ́ńbásì rẹ̀ ní Washington. Ẹni tó rí àwòrán ìyá yẹn lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì, tí ojú rẹ̀ ń dán, tí kò sì ṣàánú, igi ni.

Ṣùgbọ́n ta ni ìyá yìí? Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ya wọ Greenwood, àdúgbò àwọn dúdú ní ìlú Tulsa, ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1921. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun ilé, wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò rẹ̀ yìí ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, ìdílé wọn di aláìnílé. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe nínú ilé àwọn òyìnbó, kò sì rí owó gidi kan kó jọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, oṣù mẹ́ta péré kí ó tó wá sí Ghana, ó dúró níwájú àwọn aṣòfin ní Washington. Wọ́n ti bi í léèrè nígbà yẹn, ó sì ti dáhùn: ìdájọ́ òdodo lòun fẹ́ kí òun tó kú. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀.

Kí ni wọ́n fún un? Ní 2022, tọkọtaya olówó kan ní New York fún òun, àbúrò rẹ̀ àti ìyá kẹta tó kù láyé nínú wọn ní mílíọ̀nù kan dọ́là kí wọ́n pín in. Oore ni, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2023 adájọ́ da ẹjọ́ wọn nù. Àbúrò rẹ̀ kú ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Oklahoma fọwọ́ sí i pé kí ó dà nù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ìyá náà kú, ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́fà. Gbogbo ayé ló ṣe é ní oore, àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè kò san kọ́bọ̀. Bí ẹnì kan bá jẹ ọ́ lówó, tí aládùúgbò wá gbé oúnjẹ fún ọ, ṣé o lè ní gbèsè ti tán? Àwa tí a ń wo fọ́tò Ghana ni ara wa yá gágá, tí a gbàgbé láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ẹ̀bi tí mo ń wá lára àṣà yìí nìyẹn: ó ń mú kí ojú olùwòran kúrò lára ajigbèsè.

Èyí ló sọ mí dé etí òkun tiwa ní Àgbádárìgì. Ẹ mọ ibẹ̀. Láti Màríínà, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn, ẹ ó kọjá lára kànga tí wọ́n ní omi rẹ̀ ń mú kí ẹrú gbàgbé ilé, títí ẹ ó fi dé ibi òpó méjì tó dojú kọ òkun, ibi àlọ àìbọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láti Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù ibẹ̀ ló ń wá dúró síbẹ̀. Ohun tó ti ń wù wọ́n láti kékeré ni. Mo ti rí bàbá kan tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi bí ẹni gbé ẹyin, tí kò sọ̀rọ̀ títí tí ó fi dé ọ̀dọ̀ òkun, tí ó kàn bọ́ fìlà. N kò lè rí àṣìṣe kankan nínú ìyẹn. Ìgbà tí wọ́n gbé agbádá wọ̀ ọ́, tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ lójú ẹsẹ̀, tí onílù bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ni mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀gbẹ́ tí mo gbójú sí yìí ni ìyá kan jókòó sí, ó ń ta àgbọn. Ògù ni, Yorùbá rẹ̀ ń dún bíi ti Ẹ̀gùn. Mo kúnlẹ̀ ra méjì, mo ní, “Màmá, bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ nǹkan kan tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe fún yín, kí lẹ ó sọ?”

Ó wò mí. “Èmi kẹ̀?”

“Ẹ̀yin, Mà.”

“Ọmọ mi, Àjàṣẹ́ ni mo fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa. Wọ́n sin ín, n kò sí níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ dúró síbi tí wọ́n sin ín sí.”

Mo ní ta ló ti bi wọ́n ní irú ìbéèrè yìí rí. Ó ní èmi ni. Ó ní ṣé àgbọn méjì náà ni mo máa rà.

Ẹ rántí pé oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti bọ́dà orí ilẹ̀ pa, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ìrẹsì ni wọ́n ní àwọn ń lé. Àwọn Ògù tí ìdílé wọn wà ní ìhà méjèèjì, tí ilẹ̀ wọn ti wà kí òyìnbó tó fa ìlà, kò sí nínú ìṣirò náà. Àjàṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, kò jìnnà sí ibi tí ìyá náà jókòó sí. Kò nílò ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tó wà láàárín wọn ni eékún tó ń dun ìyá, páálí ìrìnnà tí kò ní, àti àìmọye ibi tí kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró kí èèyàn tó dé Sèmè. Àwọn tó ti òkè òkun wá rí ọ̀nà dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun kò rí ọ̀nà dé Àjàṣẹ́.

Ẹnì kan wà tí mo rò pé ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe jù Bloom lọ. Kees Veldboer lorúkọ rẹ̀, awakọ̀ áńbúláǹsì ní Rotterdam ni, ó kú ní 2021. Ní 2006, ó ń gbé ọkùnrin kan tí ikú ti sún mọ́ láti ọsibítù kan lọ sí òmíràn. Ọkọ̀ ojú omi ni ọkùnrin náà fi jẹun láyé. Wọ́n ní kí wọ́n dúró díẹ̀, Veldboer sì bi í pé níbo ló fẹ́ kí àwọn gbé òun lọ. Ó ní èbúté, kí òun rí omi. Ó gbé e lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, áńbúláǹsì sì ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn lọ wo òkun, lọ wo ilé tí wọ́n bí wọn sí, lọ wo àwòrán ayé àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ kíyè sí i: awakọ̀ ló béèrè, aláìsàn ló sọ, ohun tó sọ gan-an ni wọ́n ṣe.

Ní ti gbèsè, Nàìjíríà kò yàtọ̀ sí Oklahoma. Nigeria Airways kógbá sílé ní 2003. Ọdún 2018 ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó tó tọ́ sí wọn gbà, ìdajì ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ti kú kí ó tó di ìgbà náà, opó wọn ló lọ tò sórí ìlà ní Ìkẹjà. Kí ni ìfẹ́ ọkàn bàbá tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún retí owó iṣẹ́ rẹ̀? Ṣé kí wọ́n gbé e lọ wo kìnnìún ni?

Èkìtì gbìyànjú ní 2011 láyé Fáyẹmí: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lóṣooṣù fún arúgbó tó ti pé ọdún márùnlélọ́gọ́ta. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n arúgbó fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ohun tó fẹ́ fi ṣe, ì báà ṣe tábà. Ìjọba yí padà, owó dúró. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn: wọ́n fún un bí oore, wọ́n sì gbà á bí ẹni gba oore padà.

Ní ti Àgbádárìgì, nǹkan kékeré ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń kó àlejò wá sí Gberefu. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ya bọ́ọ̀sì kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìyá àti bàbá tó wà ní Àgbádárìgì tí wọ́n ní òkú tàbí alààyè ní Àjàṣẹ́. Ẹ bá wọn gba páálí ìrìnnà ṣáájú. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ògù tí yóò bá àwọn tó wà lójú ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ ní Màríínà kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀ bó bá ti wù wọ́n.