ÌRAN WÍWÒ NÍ GBỌ̀NGÀN, NÍ PÁLỌ̀ ÀTI NÍ ÀTẸ́LẸWỌ́: ÀYẸ̀WÒ ÒǸWÒRAN SINIMÁ YORÙBÁ

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin lílọ wo sinimá ní gbọ̀ngàn àti wíwò ó nínú ilé. Èrò tí a máa ń gbọ́ ni pé ìran àjùmọ̀wò ni ti gbọ̀ngàn, ìran àdáwò sì ni ti ilé. Nítorí náà, sinimá àgbéléwò ni ó tú agbo òǹwòran ká. A kò fara mọ́ èrò yìí. Lójú tiwa, agbo náà kò tú nígbà tí sinimá wọ pálọ̀. Ìgbà tí ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó tú. Ọ̀fà ni a ó fi ṣe ibùdúró wa, nítorí ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò rẹ̀ mọ̀ pé bí kò bá sí òǹwòran, ìjà ènìyàn méjì lásán ni ìjàkadì.

2. Sinimá Inú Gbọ̀ngàn

Àwọn ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri ni ó fi ẹsẹ̀ sinimá Yorùbá múlẹ̀. Ọlá Balógun ni ó darí Àjàní Ògún (1976), Dúró Ládipọ̀ àti Adéyẹmí Afọláyan, tí a mọ̀ sí Adé Love, sì kópa nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Adé Love gbé Ìjà Òmìnira jáde, èyí tí a mú ìtàn rẹ̀ láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969) tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979. Àwọn eléré wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé fíìmù wọn káàkiri fúnra wọn, láti ilé sinimá dé gbọ̀ngàn ìlú àti ilé-ìwé, bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, olówó eré máa ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Idán àwọn àjẹ́ inú Ayé kò lè dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀ láìsí òkùnkùn gbọ̀ngàn àti igbe ẹni tí ó jókòó tini.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ojú ọmọ ìta ni ọ̀pọ̀ àgbà sì fi ń wo ẹni tí ó bá ń lọ sílé sinimá. Ní ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti rinlẹ̀ bí Ọ̀fà, ìyàwó ilé mélòó ni ó lè dìde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ó ní òun ń lọ wo Ògúndé?

3. Àgbéléwò

Ohun mẹ́ta ni ó lé sinimá kúrò ní gbọ̀ngàn. Èkíní ni olè: Ọ̀run Mooru (1982) tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (Bàbá Sàlá) fi owó ńlá ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó dà á sórí fídíò láìgbàṣẹ, ó sì di gbèsè sí i lọ́rùn. Èkejì ni owó náírà tí ó wálẹ̀ láti 1986, tí fíìmù tí a ń rà lókè òkun fi di ọ̀wọ́n. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù àwọn adigunjalè, tí kò jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ jáde lálẹ́ mọ́.

Orúkọ tí Yorùbá fún irú èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. À-gbélé-wò ń sọ ibi tí òǹwòran wà. Kò sọ iye ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ní agbo ilé tí a ti tọ́ mi dàgbà ní Ọ̀fà, bí iná bá dé, pálọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa máa ń rọ́ lọ. Ẹni tí kò ráyè wọlé a dúró lójú fèrèsé. Àwọn ìyá wa, tí gbọ̀ngàn kò gbà, ni wọ́n ń bú ọ̀dàlẹ̀ inú eré tí wọ́n sì ń kìlọ̀ fún aláìmọ̀kan.

Ìyípadà yìí hàn nínú iṣẹ́ ọnà náà gan-an. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ (1993) tí Túndé Kèlání darí, níbi tí àwọn mẹ́ta ti ta ilẹ̀ òrìṣà fún ilé-iṣẹ́ elépo, ọ̀rọ̀ àti òwe ni ó gbé eré ró ju idán lọ. Ẹni tí ó ń ro àmàlà lọ́wọ́ ní ìdáná lè fi etí tẹ̀lé e. Ó sì ní apá mẹ́ta, bí ìgbà tí a bá dá àlọ́ dúró títí di ọjọ́ mìíràn. Eré tí ó mọ ilé tí ó ń wọ̀ nìyí.

4. Àtẹ́lẹwọ́

Ní 2022, Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix. Bàbá, ọmọ Agbámú ní Ìpínlẹ̀ Kwara yìí kan náà, ń gbé fíìmù láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Ọmọ ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ààfin Ọ̀yọ́ inú eré náà tóbi, ọ̀pọ̀ sì ń wò ó lórí fóònù, pẹ̀lú okùn létí. Nígbà tí Sàró, ahunṣọ tí agbára àtijí òkú ń gùn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbéraga, ìyá wo ni yóò pariwo mọ́ ọn?

A lè jiyàn pé òǹwòran òde òní ń kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn eré ni èyí ń wáyé. Inú eré ni ègbè ń wà. A tún lè sọ pé gbọ̀ngàn ti padà, nítorí A Tribe Called Judah (2023) pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá. Àwọn ìlú ńlá ni irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, owó ìwọlé rẹ̀ kì í sì í ṣe ti gbogbo mẹ̀kúnnù.

5. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìbéèrè náà kì í ṣe gbọ̀ngàn tàbí ilé. Gbọ̀ngàn fún eléré ní etí, ó sì ti ìyá wa mọ́ ìta. Pálọ̀ gba ìyá wa wọlé, ó sì pa etí eléré dé. Fóònù gba gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó gbà wọ́n. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé. Ó yẹ kí lámèyítọ́ sinimá Yorùbá máa wo òǹwòran bí ó ti ń wo eré, nítorí ohùn àwọn ìyá inú pálọ̀ wọ̀nyẹn wà lára iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.